Bí mo ṣe ń wé kọ́ìlì ẹ̀rọ tó ń wá irin

Kọ́ìlì (wáyà tí a wé yípo) ti ẹ̀rọ pulse induction, ìyẹn irú ẹ̀rọ tó ń rán iná jáde ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kéékèèké, tó sì ń tẹ́tí sí ohun tí irin bá dá padà, ni mo fẹ́ràn jù láti wé. Wáyà bàbà tí àwọn tó ń rewáyà fáànù ń lò ni mo máa ń rà. Mo á kan ìṣó yíká pátákó, kí òbírí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, mo á wé e ní bíi ìgbà 26. Ìyẹn ló ń gbé e dé nǹkan bíi 300 microhenry (ìwọ̀n tí a fi ń mọ agbára kọ́ìlì). Ẹ fà á le o! Bí wáyà bá ń mì, ẹ̀rọ á máa ké lórí ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi gáàmù epoxy dì í pa.

Fọ́ìlì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà) tí a fi ń bò ó kí ariwo iná má bàa dà á láàmú ló ń gba sùúrù. Ẹ má jẹ́ kí orí àti ìdí fọ́ìlì kanra wọn rárá. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fọ́ìlì gan-an ni ẹ̀rọ á máa gbọ́.