Ìyá Oníyàá ní Norfolk, Ìyá Tèmi ní Iléṣà

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwọ fi ìyá tìrẹ sílẹ̀ ní Iléṣà, o lọ ń nu ìdí ìyá oníyàá nílùú òyìnbó. Ìjókòó lásán náà ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ fún ọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn, n kò fèsì. Èsì mi gùn ju ohun tí mo lè sọ sínú fóònù lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni wọ́n ń pè ní live-in. Inú ilé arúgbó náà gan-an ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíì á wá dúró fún mi fún ọ̀sẹ̀ 2, kí n tó padà. Ẹni ọdún 91 ni ìyá tí mò ń tọ́jú, abúlé kan ní Norfolk, ní ilẹ̀ England, ló ń gbé. Ti iná, omi àti ọ̀nà tó dára níbí, gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn jẹ yín lákòókò. Ẹrù tó wà lọ́rùn ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn ará ilé kò rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi, lòun náà bá ń wo ilẹ̀ kiri. Ìwé ètò ìtọ́jú rẹ̀ sì sọ pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni kí á máa fi pè é, torí bó ṣe fẹ́ nìyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹnu mi tó gbà á. Ní Iléṣà, ẹni tó bá pe ìyá mi bẹ́ẹ̀ kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà. Níbí, bí n kò bá pè é bẹ́ẹ̀, n kò bọ̀wọ̀ fún ohun tó fẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ì bá yé ẹ̀gbọ́n mi jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá yìí di ẹnu pinpin, ó ní òun kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, mo gbé tíì wá, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ká ní ilé wa ni, wọn á ti lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ á sì tán. Níbí, bí mo bá fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ẹni tó lè dá ìpinnu ṣe, mo ti rú òfin. Láti 2005 ni òfin ti wà pé kí á gbà pé làákàyè àgbàlagbà pé, àfi bí wọ́n bá fi hàn pé kò pé. Bí ìpinnu rẹ̀ kò bá tiẹ̀ bọ́gbọ́n mu lójú wa, òun ló ni ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé oògùn pé ó kọ̀, mo kọ aago, mo kọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an, mo buwọ́ lù ú, mo pe ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó gbà mí.

Nígbà tó di alẹ́ kẹta, mo pe apòògùn. Òun ló ní kí n wò ó bóyá kò lè gbé e mì. Bó ṣe rí nìyẹn! Hóró oògùn tuntun tí wọ́n ń fún un tóbi, ó ń há a lọ́fun, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́. Wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n fún un ní òmíràn. Apòògùn wá kìlọ̀ fún mi pé irú hóró tó ń há a lọ́fun yẹn kò ṣeé lọ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é kó máa yòrò nínú ara títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ti da ti odidi ọjọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àyà mi já. Mo pe Iléṣà, mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò páálí oògùn Màmá ránṣẹ́. Ọ̀kan irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀kọ láti ọjọ́ pípẹ́, tìfẹ́tìfẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Ife omi tó mu, ìgbà tó yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí ara rẹ̀ bá bó, àwòrán ènìyàn kan wà nínú ìwé, màá sàmì síbi tó ti bó. Bí mo bá ra búrẹ́dì fún un, rìsíìtì àti ṣéńjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ní Kérésìmesì, ó fún mi ní súwẹ́tà tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Mo ní láti pe ọ́fíìsì kí n tó lè gbà á, torí ẹni tó bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ arúgbó, ìbéèrè ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ń dúró fún mi bá dé, a jọ ń ka hóró oògùn ni, kí n tó gbé àpótí mi.

Ó ń rẹ̀ mí. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kò dára, nítorí bàbá wa. Bàbá kú ní 2016. Ènìyàn 7 la wà nínú ilé, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a ń wẹ òkú rẹ̀, mo rí ojú ọgbẹ́ kan ní ìbàdí rẹ̀ tí ìka mi méjì lè wọ̀. Òórùn àgbà la ti ń pe òórùn yẹn. Níbí ni mo ti kọ́ pé ibi tí arúgbó bá fi sùn sójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, pé gìgísẹ̀ àti ìbàdí ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, pé yíyí ni kí á máa yí i padà. Nínú àwa 7, kò sẹ́ni tí yíyí Bàbá padà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdánìkanwà ló fẹ́ pa mí. Wákàtí 2 ni ìsinmi mi lóòjọ́, mo máa ń fi rìn dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kí n padà. Ẹni tí yóò ní "ẹ kú iṣẹ́ o" kò sí. Lálẹ́, mo máa ń ka Sáàmù sókè nílé ìdáná kí etí mi lè gbọ́ Yorùbá. Mo dé ní 2023, nígbà tí òfin ṣì gbà wá láyè láti mú ọkọ àti ọmọ wá. (Láti 11 March 2024 ni wọ́n ti ní ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ yìí kò lè mú wọn dání mọ́, ní July 2025, wọ́n tilẹ̀kùn pátápátá mọ́ àwọn tuntun láti òkè òkun. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tí ẹ ní kí n bá yín wá a, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.) Àǹfààní tí òfin fún mi kò wúlò fún mi, torí yàrá kan ni mo ní nínú ilé onílé. Ibo ni mo fẹ́ kó ọmọ méjì sí? Físà mi sì so mọ́ ilé iṣẹ́ tó gbà mí. Bí ìjọba bá gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba ará òkè òkun síṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ 60 péré ni màá ní láti fi wá ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí, mo ní láti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ pa òwe òkété fún mi, ẹ kò fọwọ́ yín yí Màmá padà rí. Ìyàwó yín ló ń ṣe é. Ìdí tí mo fi ń fi owó ránṣẹ́ sí i ní gbogbo òpin oṣù nìyẹn, owó iṣẹ́ ni mo sì ń pè é, bí ẹ tilẹ̀ ní mo fi ń tàbùkù yín. Owó Norfolk ló ra ibùsùn aláfẹ́fẹ́ tí Màmá ń sùn lé. Ká ní mo wà nílé, màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, bí mo ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Ní aago 8 alẹ́ àná, mo pe ìyàwó wa. Ó ní Màmá jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, gìgísẹ̀ òsì pọ́n díẹ̀, àwọn ti yí i sí apá ọ̀tún. Mo ní ìwé kékeré kan fún ìyẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo kọ aago sí i, mo sì kọ orúkọ ìyàwó wa sí ìsàlẹ̀.