Kí ẹ tó ra pónì, ẹ wo koríko yín

Àwọn àbúrò wa tó wà ní ìlú Ọba máa ń bi mí pé irú ẹṣin wo ni àwọn lè rà, èyí tí àwọn á máa gùn lọ sórí òkè, tí á fo igi díẹ̀, tí á fa kẹ̀kẹ́ bí ó bá yẹ, tí kò sì ní gbọ́n owó àpò wọn dànù. Èsì mi kì í yí padà: ẹ ra pónì, ẹṣin kúkúrú, ti ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn èsì yẹn, ìyà ni mo sì fi kọ́ apá kan nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀bú Òde ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin níbi Ojúde Ọba, ẹṣin gíga ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà kan ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin gbé àlejò gun òkè, pónì Highland kan ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ 14 péré ló ga. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ẹṣin lọ́hùn-ún, láti ilẹ̀ títí dé ṣóńṣó èjìká. Ọwọ́ kan sì jẹ́ ínǹṣì 4. Kìlógíráàmù 78 ni èmi wọ̀n. Mo sọ fún ìyá tó ni ọgbà náà pé n kò fẹ́ ṣe ẹranko yìí léṣe.

Ìyá náà kò bá mi jiyàn. Ó fa téèpù tí wọ́n fi ń mọ ìwúwo ẹṣin yọ, ó lọ́ ọ mọ́ àyà pónì náà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ó kà á: ó súnmọ́ kìlógíráàmù 500. Ó ní kí n ro ara mi pọ̀ mọ́ gàárì. Méjèèjì kò pé 90. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ni pé kí èèyàn àti gàárì má wúwo ju ìdá kan nínú márùn-ún ẹṣin lọ, kó tilẹ̀ dín sí i ló dára. Ó wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Ó ki, ó sì kúrú. Irú pónì yìí ni wọ́n fi ń ru àgbọ̀nrín tí ọdẹ bá pa sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Mo gùn ún. Ìhà rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gba itan mi, ẹsẹ̀ mi kò fì dirodiro rárá. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ra ẹṣin, ìwúwo ara rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í, n kì í béèrè bó ṣe ga tó.

Oríṣiríṣi ló wà. Shetland kì í ga ju ínǹṣì 42 lọ, ọmọdé ló ni ín. Fell, Dales àti New Forest lè gbé àgbàlagbà. Ọbabìnrin Elizabeth kejì gun Fell títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Emma, ni wọ́n mú dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní Windsor lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ ní September 19, 2022. Ti Wales pín sí ọ̀nà mẹ́rin, láti A dé D. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìran wọn ti wà láti ọdún 1901. D ló tóbi jù, ó lẹ́wà, ó yára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹni tó bá gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, òkúta sì ni ilẹ̀ orí òkè. Ẹ jẹ́ kí àyà yín le díẹ̀ kí ẹ tó ra D.

Connemara ti Ireland ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Pónì tó ń fò ni. Stroller, tí ẹ̀jẹ̀ Connemara wà lára rẹ̀, fo pẹ̀lú àwọn ẹṣin ńláńlá níbi Òlíḿpíìkì Mexico ní 1968, Marion Coakes sì gba fàdákà lórí rẹ̀. Mo rí funfun kan tó wù mí, mo ti ń ka owó lọ́kàn. Ìyá yẹn bá mi lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò ra etí pátákò. Etí náà ń bó bí èèpo igi, ihò ìṣó àtijọ́ ti fà ya. Ó béèrè èsì àyẹ̀wò àìsàn àjogúnbá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kò sí. Àìsàn kan wà nínú ìran Connemara tí ara pátákò fi máa ń yà kúrò lára ara rẹ̀. Bí ọmọ ẹṣin bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ó ń bá a jà títí ayé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ti jogún rẹ̀, kò ní ṣe é nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè fi fún ọmọ. Irun gọgọ tí a fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. A fi ránṣẹ́. Ó jogún rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo sunkún nínú mọ́tò nítorí rẹ̀.

Highland ni mo padà rà, abo ọlọ́dún mẹ́sàn-án, mo sì sọ ọ́ ní Àdùkẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Orí òkè tí koríko ti gbẹ, tí òjò ti ń nà wọ́n, ni ìran àwọn pónì yìí ti dàgbà. Ara wọn mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀ gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ sínú pápá tútù tí wọ́n fi ajílẹ̀ tọ́ fún màlúù, ṣúgà inú koríko yẹn á dà á láàmú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù May kan mo ní ọ̀sẹ̀ kan péré kò lè pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, Àdùkẹ́ kò wá pàdé mi lẹ́nu géètì. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó fi gbogbo ara tì sẹ́yìn, bí ẹni tó dúró lórí iná. Mo fọwọ́ kan pátákò, ó gbóná. Mo fi ìka sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lù kìkì kìkì. Laminitis ni. Ohun tó so egungun mọ́ ògiri pátákò nínú lọ́hùn-ún ló ń tú, bí ó bá sì tú tán, egungun á rì sísàlẹ̀. Dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, insulin rẹ̀, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, ga. Kò jáde nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lórí ibùsùn tó jìn, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí mo ń rẹ sínú omi kí ṣúgà rẹ̀ lè ṣàn jáde.

Nítorí náà, ẹ wá pápá kí ẹ tó wá pónì. Ẹ bi onílẹ̀ bóyá ó ń da ajílẹ̀ sí i. Ẹ bi í bóyá ẹ lè fi wáyà pín in kéékèèké, àti bóyá ibi tí kò ní koríko wà tí ẹ lè so ó mọ́ lọ́sàn-án. Ẹ ra agọ̀ ẹnu oníhò kékeré, tí kò ní jẹ́ kó jẹ koríko púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àárọ̀ tí yìnyín bò tí oòrùn sì ń ràn. Ṣúgà máa ń pọ̀ nínú koríko nígbà yẹn. Ẹ máa fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nítorí ojú ẹni kì í tètè rí ọ̀rá ẹran tí ẹni fẹ́ràn. Bí ó bá ń sanra tó ń rù, gàárì rẹ̀ náà á máa yí. Èjìká Highland tẹ́ pẹrẹsẹ, gàárì tó bá a mu ní March lè máa yọ̀ ní August.

Ọdún mẹ́rin rèé. Ní àárọ̀ yìí, kí n tó fún un ní oúnjẹ, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tutù.