Delia ara ògiri kì í ṣe tiwa

Kí a tó wọ bàálù lọ sí Dublin ni Delia kan ti wà lára ògiri pálọ̀ ìyá ọkọ mi ní Boston. Wọ́n sanwó fún ẹnì kan tó ní òun mọ ìwádìí ìdílé ṣe. Ẹni náà to ìran wọn sórí páálí ńlá kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ará Mayo ní Írẹ́lándì ni Delia, ìyá àgbà wọn. Màmá fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́. Àṣé Delia ẹlẹ́ni ni.

Dádì Tómi, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ fura. Ìwé ìgbéyàwó Delia tiwa, ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó ti gbé ọkọ ní 1906, dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn orúkọ náà kò sì bá ti Mayo mu rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, fadá fi lẹ́tà wínníwínní kọ orúkọ páríìṣì kan ní Cork. Ìlà kan yẹn ló gbé wa dé Írẹ́lándì. Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tó kù, "Ireland" lásán ni wọ́n kọ sí i, bí ìgbà tí wọ́n bi ọmọ Ìgbájọ léèrè ilé bàbá ẹ̀ tó ní "Nàìjíríà". Ta ló ń fi ìyẹn mọ ilé?

Ní Dublin, Ilé Ìkàwé Ìjọba ní Kildare Street la kọ́kọ́ yà sí, torí wọ́n ń gba ẹni tó ń wá ìdílé nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn wo ìwé ọwọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a yé wá Delia, Bridget ni ká wá. Ọ̀pọ̀ Bridget tó dé Amẹ́ríkà ló sọ ara wọn di Delia. Látìn sì làwọn fadá fi ń kọ ìwé ìsàmì, Brigida ni yóò jẹ́ níbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta fún ọmọ kan! Èmi tí mo ní orúkọ márùn-ún, ó ṣì tojú sú mi.

Àwòrán àwọn ìwé ìsàmì yìí ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2015. A rí i: 1878. Ọ̀rinrin ti jẹ igun ewé náà, ṣùgbọ́n "Brigida" hàn, orúkọ bàbá hàn, ti ìyá hàn, tòun ti abúlé wọn. Dádì Tómi fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, kò sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ṣírò ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 28 ló sọ fún fadá ní Boston pé 24 ni òun.

Lọ́jọ́ kejì a gba etí odò Liffey kọjá níwájú Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá Dublin. Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìjọba pamọ́ sí ti jóná ní June 1922, nígbà ogun abẹ́lé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 fi di eérú. Ẹ má dá iná nìkan lẹ́bi o. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ ọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní kí wọ́n lè rí bébà lò. Èyí ló dùn mí jù.

Ti 1901 àti 1911 ló kù, odindi. Bàbá Delia kò mọ̀wé. X ló fi tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní 1901, ẹni ọdún 58 ni. Ní 1911, ó ti di 72! Mo ní bóyá a ti ṣi ilé wọ̀. Rárá o. Láti January 1909 ni ìjọba ti ń san owó fún arúgbó tó bá ti pé 70, ó lè tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí, torí 1864 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọmọ ń dín tirẹ̀ kù ní Boston, bàbá ń bu kún tirẹ̀ nílé.

Rélùwéè la wọ̀ láti Cork lọ sí Cobh, èbúté tí wọ́n ń pè ní Queenstown láyé Delia. Ère Annie Moore àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà létí omi níbẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àjèjì wò ní New York, wọ Amẹ́ríkà, 1 January 1892. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé Texas ló kú sí. Ní 2006 ni àṣírí tú pé Annie Moore mìíràn nìyẹn. New York ni tòótọ́ gbé títí ó fi kú ní 1924, 2008 ni wọ́n sì tó fi òkúta sí ojú oórì rẹ̀. Mo ní kí Dádì Tómi lọ sọ ìyẹn fún Màmá, kí ti páálí má baà dùn wọ́n jù.

Ó ti ṣí fọ́ọ̀mù 1911 lórí fóònù rẹ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n bi àwọn abilékọ léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí láàyè àti iye tó ṣẹ́ kù. Níwájú orúkọ ìyá Delia: 9, lẹ́yìn náà 6. Delia ti wà ní Boston nígbà náà, wọ́n kà á mọ́ ọn.

A pe Màmá. Wọn ò béèrè páálí rárá. Wọ́n ka orúkọ tí wọ́n mọ̀ lórí fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró lórí ìkarùn-ún.

"Ẹnì kẹfà ńkọ́?"

Dádì Tómi tún fọ́ọ̀mù náà gbé sókè, ó ń wò ó.