Ọjọ́ tí mo bá omi jiyàn lẹ́nu ọ̀sà Èkó

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ ní Màrínà láti lọ sí Tarkwa Bay, etíkun tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀sà Èkó gbà bọ́ sókun, ẹ bi awakọ̀ yín léèrè: ṣé omi ń wọlé ni, àbí ó ń fà? Èmi ò bi í. Ìyá mi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, nínú oṣù Kẹsàn-án, tí òjò ti kún gbogbo odò lókè.

Àárọ̀ wa dùn. A jẹ ẹja yíyan, àwọn ọmọ wẹ̀ títí ara wọn fi funfun. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a wọkọ̀ padà, mo ní kí awakọ̀ wa kọ́kọ́ gbé wa dé ibi tí ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀sà parí sí, kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí agbami. Ará Ìlàjẹ ni bàbá náà, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ó ní, “Ọ̀gá, omi ti ń fà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Mo fowó lé owó. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí orí ọkọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí bàbá yẹn mọ̀ tí èmi ò mọ̀ nìyí. Odò Ògùn, odò Yewa, odò Ọ̀ṣun, inú àwọn ọ̀sà wa ni gbogbo wọn ń já sí, ẹnu tóóró yìí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ń gbà bọ́ sókun. Bí omi bá ń fà, á máa sáré jáde. Ìgbì òkun ní tirẹ̀ ń bọ̀ wọlé, atẹ́gùn ọ̀sán sì ń tì í lẹ́yìn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ṣe ni omi máa ń dìde dúró gbọnrangandan. Orí ọkọ̀ wa gòkè, ó jábọ́ gbì, omi rọ́ wọlé dé orúnkún. Ìyá mi di àbúrò nínú àwọn ọmọ wa méjèèjì mọ́ àyà, ó ń ké pe Olúwa. Ẹ̀wù ìléfòó (life jacket) tí wọ́n wọ̀ fún ọmọ náà jẹ́ ti àgbàlagbà, ó ti fò kọjá etí rẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé.

Bàbá náà kò bá omi jà. Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó kọjú ọkọ̀ sí ìgbì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀, nítorí ọkọ̀ tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á lè dojú dé. Ìgbà tí àlàfo kan ṣí sílẹ̀ ló tó yí wa padà kíá. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé èbúté. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọ̀nà omi yẹn ti gbà mí lọ́kàn. Láyé àtijọ́, òkìtì yanrìn abẹ́ omi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó; ìta ni wọ́n máa ń dúró sí, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Ẹrù mìíràn á kọ́kọ́ lọ sí Forcados, èbúté kan ní Niger Delta, kó tó padà wá. Ọdún 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri òkúta náà, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń kó òkúta rẹ̀ wá. Ògiri náà ló dá Tarkwa Bay sílẹ̀, òun náà ló sì ń dá yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí Lighthouse Beach, etíkun tó wà níwọ̀ oòrùn ògiri náà, fi ń gbòòrò, tí òkun sì jẹ Bar Beach ní òdìkejì títí wọ́n fi kọ́ odi Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn tẹ̀dó sójú òkun.

Nítorí náà, bí ẹ bá kó ọmọ lọ, inú Tarkwa Bay ni kí wọ́n ti wẹ̀, ibẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọjá sí omi Lighthouse Beach. Agbami gangan nìyẹn, ó sì ń fa èèyàn lọ. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ẹ sì béèrè ti ọmọdé; bí kò bá sí, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ wo ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá dáadáa: kò lè dúró, kò lè yà fún yín, ìgbì rẹ̀ sì máa ń dé lẹ́yìn tó ti kọjá, nígbà tí ọkàn yín ti balẹ̀.

Bàbá náà ló ṣì ń gbé wa. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń pè é. Ó mọ̀ pé omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru, pé ó sì máa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní omi ò ní bá wa ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé náà, ilé la wà.