Iṣẹ́ OT kan náà, ìdáná méjì: ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ OT (occupational therapy, ìtọ́jú tó ń dá ènìyàn padà sí iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀; OT náà ni a ń pe ẹni tó ń ṣe é) ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá ní Èkó, tó wá gba iṣẹ́ kan náà lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́rọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí. Wọn yóò so ìdì kọ́kọ́rọ́ àti alámù mọ́ ìbàdí rẹ̀, wọn yóò sì kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ ara ẹni lọ́wọ́ ẹni tó di irun ẹni mú, kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù rárá. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi ń mọ́ ènìyàn lára. Ohun tó ń pẹ́ kó tó yé ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi OT níbí yàtọ̀ sí ti ilé. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń béèrè pé: ṣé yóò lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń béèrè pé: ṣé yóò lè dá gbé?

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà: dókítà ń wo àìsàn, OT ń wo ohun tí àìsàn gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Wíwẹ̀, oúnjẹ sísè, owó níná, ọkọ̀ wíwọ̀, iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo ìwọ̀nyí ni OT ń tú sí wẹ́wẹ́ kí ó lè rí ibi tó ti já, kí ó sì so ó padà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì àti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nílé. MRTB, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, ló ń forúkọ ẹni sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HCPC, irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ni, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ń béèrè àtúnṣe ní ọdún méjì-méjì.

Ìbéèrè ti ilé yẹn ní orírun. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Arò ní ọdún 1954, kò kó gbogbo aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ẹbí kan ó kéré tán bá aláìsàn wá, kó máa gbọ́únjẹ fún un. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sínú àgbàlá níbi tí ènìyàn ti ń gbọ́ràn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́. Títí di òní, níbi púpọ̀ nílé, ìyá tàbí àbúrò aláìsàn wà nítòsí. OT kò ní í kọ̀wé kó tó mọ̀ bóyá aláìsàn ń sùn tàbí ó ń dá sọ̀rọ̀. Yóò béèrè lọ́wọ́ wọn ni.

Irin iṣẹ́ ni kì í tó. OT kan lè ní ogún ènìyàn níwájú lórí tábìlì méjì. Ìdí nìyí tí àdìrẹ fi wúlò tó bẹ́ẹ̀, pàápàá ní Abẹ́òkúta: ó pín sí ìpele tí a lè pín fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe le sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò, tí ọkàn rẹ̀ kò lè dúró lójú kan ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, fún un ní àdìrẹ oníko: kó ká aṣọ, kó dì í, kó tún dì í. Àṣìṣe kò ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, àwòrán tuntun ló ń dà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́, ẹ̀kọ nínú igbá, ilà tó gbọ́dọ̀ tọ́: ẹni tí oògùn ọpọlọ haloperidol ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tàbí tó mú ara rẹ̀ le kò ní í lè ṣe é, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ kò tíì pé. Oògùn ni, kì í ṣe àìsàn. Sọ fún dókítà, kí o sì dá aláìsàn náà padà sí oníko fún ọ̀sẹ̀ kan.

Kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń pò aró kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá aláìsàn ní gbígbẹ. OT fúnra rẹ̀ ni yóò pò ó níta: kọ́sítíìkì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì, nítorí yóò hó, yóò sì ta sójú ẹni. Ka okùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ka èyí tó kù lẹ́yìn náà, nítorí okùn tó sọnù lè di ohun tí ẹnìkan yóò fi so ara rẹ̀.

Iṣẹ́ oko pẹ̀lú ní ewu tí kò hàn sójú. Ẹni tó ń lo Largactil, oòrùn tètè ń jó o lára: agogo méje àárọ̀ ni kó lọ sóko, pẹ̀lú fìlà àti aṣọ alápá gígùn. Ẹni tó ń lo lithium gbọ́dọ̀ mumi dáadáa, nítorí bí ó bá làágùn púpọ̀, tí omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ dínkù, kíndìnrín yóò máa dá lithium padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń bì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń rìn tàgétàgé, gbé e kúrò lóko lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbà kékeré àti òtútù ni, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀.

Apá tó ṣòro jù nílé ni ọjọ́ tí aláìsàn ń lọ. Télọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó ṣàìsàn, OT ní láti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀: kó wá fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó má ṣe òru, kí wọ́n má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọ̀gá bá gbà, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹbí ló sábà máa ń san owó bẹ́ẹ̀dì àti oògùn. Oṣù kejì yóò pé, owó yóò tán, wọn yóò gbé ènìyàn wọn lọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọwọ́ mú. Ó dùn wá jù, nítorí kì í ṣe àìbìkítà ló fà á.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà ni. Ìtọ́jú kò gba owó lọ́wọ́ ẹbí. Lábẹ́ òfin ìlera ọpọlọ ọdún 1983, Section 2 (abala kejì òfin náà) lè mú ènìyàn dúró ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ 28, Section 3 títí dé oṣù mẹ́fà, a sì lè tún un ṣe. Ẹni tó bá kúrò lábẹ́ Section 3 ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lẹ́yìn ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn Section 117. Ṣùgbọ́n ilé wo ni yóò lọ? Ara rẹ̀ ti yá, ó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí kò sí yàrá ní àwọn ilé tí òṣìṣẹ́ ń bá wọn gbé. Nílé, aláìsàn ń tètè lọ nítorí owó. Níbí, ó ń pẹ́ jù nítorí ilé. Ìwé tí OT bá kọ ló sì ń sọ irú ilé tí wọn yóò fún un, àti wákàtí mélòó tí òṣìṣẹ́ yóò máa bá a ṣe lọ́sẹ̀.

Inú ìdáná ni OT ti ń wo bí aláìsàn ṣe ń sè oúnjẹ kí ó tó kọ ìwé náà. Kí o tó wọ ibẹ̀, béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí òru ṣe rí. Yan àkókò tí oògùn kò ní í máa kùn ún lóorun. Ẹni tó ń lo clozapine, agogo mọ́kànlá dára ju mẹ́jọ lọ. Ka ọ̀bẹ, fọwọ́ sí ìwé: mẹ́fà wọlé, mẹ́fà gbọ́dọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní í kúrò bí ọ̀kan bá sọnù. Ìwọ ni kó súnmọ́ ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ni pé ó ń ṣèrànwọ́ jù: aláìsàn dúró díẹ̀, ó ti na ìkòkò sí i. Ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá nínú ọkàn rẹ kí o tó sọ̀rọ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ló fẹ́ tàbí ọwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Tíì àti búrẹ́dì yíyan ni wọ́n sábà máa ń lò. Gbé e fún ìyá Yorùbá ẹni ọdún 65 tí kò lo tósítà rí, yóò wo ẹ̀rọ náà, yóò fà sẹ́yìn, wọn yóò sì kọ ọ́ pé kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Fún un ní èlùbọ́. Àmàlà le ju búrẹ́dì yíyan lọ fíìfíì: tósítà fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tí búrẹ́dì yan, ṣùgbọ́n omi àmàlà ìwọ ni yóò mọ̀ pé ó ti hó. Ó gbọ́dọ̀ jọ èlùbọ́, kó dín iná kù, kó dà á, kí omorógùn sì ti wà lọ́wọ́, nítorí bí ó bá ṣiyèméjì díẹ̀, kókó dé. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò wọ́n omi sí i, kó dé e kó jinná. Ẹni tó ro àmàlà tí kò ní kókó ti fi ìrántí, ètò, agbára ọwọ́ àti ìṣọ́ra níwájú iná hàn. Tan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín kí ó tó din ata, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ alámù iná yóò kó gbogbo wọ́ọ̀dù jáde. Bákan náà, bàbá tí ìyàwó ti ń dáná fún láti ogójì ọdún kò gbọ́dọ̀ gba máàkì òdo nítorí àìmọ̀ọ́sè. Bí o bá fẹ́ mọ ọpọlọ rẹ̀, bi í ní ìṣirò ọjà.

Mímú aláìsàn jáde kúrò ní ilé ìwòsàn náà nílò ìwé. Section 17 ni dókítà tó ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò fọwọ́ sí: wákàtí mélòó, òṣìṣẹ́ mélòó yóò tẹ̀lé e. Kọ aṣọ tó wọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Ohun tó máa ń da ìjáde rú jù ni pé òṣìṣẹ́ kò pé. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti mú un dé ọjà, kó sì padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ẹ máa ṣàlàyé àwọn ènìyàn wa fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá tó wolẹ̀ nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Wọ́n ń kọ ọ́ pé kò lè wojú ènìyàn. Ìyá tó dákẹ́ nígbà tí ọmọ ogún ọdún fi orúkọ àbísọ pè é kò sọnù sínú ara rẹ̀. Àdúrà òwúrọ̀ tó ń gbà sókè lè jẹ́ àdúrà òwúrọ̀ lásán. Bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù bóyá bó ṣe ń gbà á kí ó tó ṣàìsàn nìyẹn. Kí o sì kọ ìwé rẹ báyìí: «Ó ro àmàlà fún ènìyàn mẹ́rin láìsí ìrànwọ́. Kò tíì mọ sítóòfù oníná mànàmáná yìí lò. Ẹ fi hàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó tún un yẹ̀ wò. Màmá ni kí ẹ máa pè é.»