Kíkà Ni Mo Fi Bẹ̀rẹ̀

Lónìí, data pack (àkójọ fáìlì tí a fi ń yí ohun inú géèmù padà) tí mo ń kọ fún géèmù Minecraft ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lórí búlọ́ọ̀kù wúrà nínú ayé géèmù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó bá sì kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìrìn rẹ̀ yóò fi padà sí bí ó ti wà. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kọ ọ̀nà tí mo gbà dé ìdí ìlà náà sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lọ́kàn mi dáadáa, torí pé ó yàtọ̀ gan-an sí ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn máa ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè Java, nítorí pé Java ni wọ́n fi kọ ẹ̀dà Minecraft tí a ń pè ní Java Edition. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí ọ̀nà tí géèmù ń gbà ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà padà, tàbí tí ó fẹ́ dá ẹ̀dá abẹ̀mí tuntun sílẹ̀ látòkè délẹ̀, yóò nílò Java. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, nígbà tí ẹ̀dà 1.13 jáde, ni data pack ti wà, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí a lè fi irinṣẹ́ ìkọ̀wé èyíkéyìí ṣí ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a mú olùbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú géèmù lọ́jọ́ tí ó kọ ọ́ ni yóò ní sùúrù láti padà wá lọ́jọ́ kejì, Java kò sì ní sá lọ.

Inú géèmù fúnra rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì .jar tí géèmù náà ń gbé inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí fáìlì zip. Bí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn tí a sì tú u, a ó rí fódà kan tí ń jẹ́ data, a ó rí minecraft nínú rẹ̀, a ó sì rí recipe nínú ìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlànà tí a fi ń ṣe nǹkan lórí tábìlì iṣẹ́ inú géèmù wà, olúkúlùkù nínú fáìlì tirẹ̀, bí àwọn tí wọ́n ṣe géèmù náà ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ṣí torch.json. Ìlà méjì ni wọ́n fi ya bí a ṣe ń to ògùṣọ̀: lẹ́tà X lókè, àmì # nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n sọ pé X dúró fún èédú, # sì dúró fún igi tẹ́ẹ́rẹ́, pé ohun tí yóò jáde ni ògùṣọ̀, iye rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ẹni tí ó bá ti ṣe géèmù yìí rí mọ̀ pé èédú lórí igi ń mú ògùṣọ̀ mẹ́rin jáde. Ohun tí mo ti mọ̀ tipẹ́ ni mo ń kà nínú èdè tí n kò tíì gbọ́, ohun tí mo mọ̀ yìí ni ó sì túmọ̀ èdè náà fún mi.

Mo tún ṣí chest.json, ti àpótí. Ìlà mẹ́ta ni tirẹ̀: àmì # mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ti àárín jẹ́ #, àlàfo, àti # mìíràn. Àlàfo yẹn ni àárín tábìlì tí a kì í fi nǹkan kan sí nígbà tí a bá ń fi pákó mẹ́jọ ṣe àpótí. Mo wò ó títí. Òfìfo pàápàá ní àyè tirẹ̀ nínú ìlànà, bí a bá sì pa àlàfo náà rẹ́, àmì méjì ni yóò kù ní ìlà náà, àpótí kò sì ní jẹ́ àpótí mọ́.

Lẹ́yìn kíkà ni mo wá yí nǹkan padà, nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣe ẹ̀dà torch.json sínú data pack tèmi, lábẹ́ data/minecraft/recipe, nítorí pé fáìlì tí ó bá ní orúkọ àti àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú ti géèmù ni géèmù yóò gbà dípò tirẹ̀. Mo sọ 4 di 8, mo padà sínú géèmù, mo tẹ /reload kí ó lè tún àwọn fáìlì náà kà, mo fi èédú kan lé igi kan, ògùṣọ̀ mẹ́jọ sì jáde. Bí mo bá yí ohun púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí bí mo ṣe lè mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀dà 1.21 jáde, wọ́n yí orúkọ àwọn fódà inú data pack padà: recipes di recipe, functions di function, loot_tables di loot_table. Lẹ́tà s kan péré ni wọ́n yọ, ṣùgbọ́n àìmọye ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ ṣáájú àkókò náà ṣì wà káàkiri pẹ̀lú orúkọ àtijọ́. Bí ènìyàn bá tẹ̀ lé wọn nínú ẹ̀dà tuntun, géèmù kò ní bá a wí, kò ní kọ àmì pupa kankan sójú kọ̀ǹpútà. Yóò kàn kọjá lára fódà náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí fún gbogbo ẹni tí ó ti tìtorí lẹ́tà kan yìí gbà pé orí òun kò gbé iṣẹ́ náà. Kí a tó gba ẹ̀kọ́ kankan gbọ́, kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀dà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Kí a sì rántí pé lẹ́tà kékeré nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi sọ fáìlì àti fódà wọ̀nyí lórúkọ. Lẹ́tà ńlá kan ti tó láti jẹ́ kí géèmù kọ̀ wọ́n.

Mo dé orí ìlà tí ó mú mi jókòó kọ̀wé lálẹ́ yìí:

execute as @a at @s if block ~ ~-1 ~ minecraft:gold_block run effect give @s minecraft:speed 2 1

Bí a bá kọ́kọ́ rí i, ó lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ó gùn ni, a sì lè gé e sí wẹ́wẹ́. "As @a" ń pe gbogbo àwọn tí wọ́n wà nínú géèmù, ó sì ní kí àṣẹ náà ṣẹ ní orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. "At @s" ní kí ó ṣẹ níbi tí ẹni náà dúró sí. Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ ni mo sì pẹ́ sí jù: "as" ń yí ẹni tí ń ṣe nǹkan padà, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí a ti ń ṣe é rárá. Àṣẹ tí ó ní "as" láìní "at" dà bí ọmọ tí a fi orúkọ pè láti rán níṣẹ́, tí a kò sọ ibi tí yóò lọ fún un. Àwọn àmì ~ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ń ka ìwọ̀n láti ibi ẹsẹ̀ ẹni náà. -1 tí ó wà lára ti àárín sì túmọ̀ sí pé kí a wo búlọ́ọ̀kù kan nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wúrà, kí a fún ẹni náà ní ìyára fún ìṣẹ́jú àáyá 2. Nọ́ńbà 1 tí ó kẹ́yìn ni ìpele ìyára, láti orí òdo ni wọ́n sì ti ń kà á, nítorí náà ìpele kejì ni 1, tí ó ń fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún kún ìyára ẹni.

Mo fi ìlà yìí sínú fáìlì .mcfunction, irú fáìlì tí a ń kọ àṣẹ sí, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú tick.json, kí géèmù lè máa ṣe é ní gbogbo tick, ìyẹn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí géèmù ń gbé. Ìgbà 20 ni tick ń wáyé nínú ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ara géèmù bá yá. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí mo pè láti wá dán an wò, béèrè ìdí tí mo fi kọ ìṣẹ́jú àáyá 2 nígbà tí àṣẹ náà ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè rere ni. Bí ẹni tí ń sáré lórí wúrà bá fò sókè, afẹ́fẹ́ ni yóò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àṣẹ kò sì ní rí wúrà. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni ó ń gbé ìyára náà dúró títí tí yóò fi balẹ̀. Ó fò, ó fò, ìyára kò já, ó sì rẹ́rìn-ín tìdùnnú-tìdùnnú. Mo mọyì ìbéèrè rẹ̀ púpọ̀, torí pé nígbà tí mo ń dáhùn ni ìdí nọ́ńbà náà tó yé èmi pàápàá dé gbòǹgbò.

Mo máa ń ronú nípa àwọn tí wọ́n la ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Nígbà tí géèmù Doom jáde ní ọdún 1993, wọ́n ti ya àwòrán, ìró àti àwọn ilé inú géèmù náà sọ́tọ̀ sínú fáìlì WAD, kúrò lára kóòdù tí ń wa géèmù, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n rà á lè máa kọ́ ilé tiwọn sínú rẹ̀. Counter-Strike pàápàá, iṣẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ Half-Life ṣe lé orí Half-Life ni ní ọdún 1999, kí Valve, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Half-Life, tó gbà á wọlé. Data pack tèmi kéré níwájú wọn, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: ẹni tí ó ṣe géèmù ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó sì kọ ọ̀nà àbáwọlé sínú fáìlì tí gbogbo ènìyàn lè kà.

Loot table ni ó kàn, ìyẹn fáìlì tí ń pinnu ohun tí a ó bá nínú àpótí ìṣúra. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní weight ni wọ́n fi ń ṣe é: bí wúrà bá ní 1, tí èédú sì ní 3, ìgbà kan nínú mẹ́rin ni ó yẹ kí a máa retí wúrà. Àbúrò mi fẹ́ kí n fún wúrà ní 3. Mo sọ fún un pé bí wúrà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ìsáré yóò kún gbogbo ayé géèmù náà, kò sì sẹ́ni tí yóò wá a mọ́. A fẹnu kò sí 1 fún báyìí.