Irin Ló Ń Ṣọ́ni Níbí, Èèyàn Ló Ń Ṣọ́ni Nílé: Ìdárayá ní Yunifásítì Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà

Ẹni tó bá kúrò ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ wá kàwé ní Amẹ́ríkà, ó máa ń san owó jíìmù kó tó mọ ibi tí jíìmù wà. Inú bíìlì ilé-ìwé ni owó náà wà. Ẹ lò ó, ẹ ò lò ó, wọ́n ti gbà á. Ẹ̀yin tí yunifásítì ń gbé owó ẹ̀kọ́ fún nítorí pé ẹ ń bá wọn kọ́ni tàbí ṣe ìwádìí, ẹ tún lẹ́tà yín kà dáadáa: ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, owó ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n dá sí, owó ìdárayá àti àwọn kéékèèké yòókù ṣì wà lọ́rùn yín. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà. Tí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè má ṣí mọ́, àfi kí ẹ san owó mìíràn. Ìyàwó tàbí ọkọ, tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ẹ mú àgádágodo tiyín dání, ẹ sì fi jíìnsì sílẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ jíìmù kì í gbà á, nítorí pé àwọn bọ́tìnnì irin kéékèèké etí àpò rẹ̀ máa ń ya awọ béǹṣì.

Nílé, kò sẹ́ni tó ń fi káàdì wọ pápá. Ẹ̀yìn aago mẹ́rin, tí oòrùn bá ti rọ díẹ̀, ni eré ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí aago méje àbọ̀ tó lù, ìgbà yòówù kó jẹ́ nínú ọdún. Hall ẹni, ìyẹn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ọgbà, lẹni ń gbá bọ́ọ̀lù fún: Mellanby, Tedder, Kuti, Bello, Zik, Indy ní Ìbàdàn, Awo, Fajuyi, Angola ní Ifẹ̀. Nínú àwọn tó bá mọ̀ ọ́n gbá ni yunifásítì ti ń ṣa ẹni tí yóò lọ sí NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1966, tí Yunifásítì Èkó sì gbàlejò rẹ̀ ní 2022. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Eléré tí yóò gba góòlù wálé ni wọ́n ń rò nílé tí wọ́n bá ń kọ́ ibi ìdárayá. Níbí, àwọn eléré tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé ní ilé tiwọn lọ́tọ̀. Jíìmù tí à ń wí yìí, ẹni tí kò mọ eré kankan ṣe náà ló ni ín. Yunifásítì Michigan ti ṣí ilé fún eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ara wọn láti 1928. Wọ́n sì to inú àwọn ilé báyìí bíi pé ẹni tó ń bọ̀ kò ní mú ọ̀rẹ́ kankan dání.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gbé irin. Kò sẹ́ni tí yóò wojú yín, gbogbo wọn ti ki nǹkan bọ etí. Irin ìdábòòbò méjì tó na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù tí ọ̀pá ń jókòó lé ni yóò gbà yín. Ẹni tó fẹ́ lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, kó kọ́kọ́ fi ọ̀pá lásán lóṣòó dé ibi tó máa ń dé, kó wo ibi tí ọ̀pá náà wà, kó wá ki irin ìdábòòbò sí ihò tó fi bí ìka méjì rẹlẹ̀ sí i. Tó bá ga jù, ọ̀pá á máa lù ú lójoojúmọ́. Tó bá rẹlẹ̀ jù, orúnkún àti ẹ̀yìn á ti gba ìyà kí irin tó gba ẹrù. Ti béǹṣì, níbi tí ẹ ti ń dùbúlẹ̀ ti ọ̀pá sókè, ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Ẹ fa èémí sínú kí àyà wú: irin ìdábòòbò náà gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àyà wíwú yẹn, kó sì ga ju ọ̀nà ọ̀fun lọ. Tí apá bá kọ̀, ẹ mí síta, àyà á rọ̀, ọ̀pá á jókòó sórí irin. Ẹni tó dá wà, tí béǹṣì rẹ̀ kò sì ní irin yìí, kó má fi kílíìpù de pléètì, ìyẹn irin róbótó tó wà létí ọ̀pá, kó lè yí ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí pléètì yọ́ bọ́ tó bá há sí i láyà.

Pọ́ùn ni wọ́n kọ sára pléètì, kì í ṣe kílò. Ọ̀pá lásán jẹ́ 45, pléètì ńlá náà jẹ́ 45. Ẹ fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di 135, ìyẹn bíi kílò 61.

Nílé, wẹ́dà ló máa ń jó férémù, kọnkéré sì ni pléètì. Wọ́n á da kọnkéré sínú ike páńtì lítà mẹ́rin, èyí tí a fi ń wọn gààrí, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́. Lítà kan kọnkéré tó kílò 2.4, nítorí náà ike tó kún á súnmọ́ kílò 10 láìka páìpù. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé wọn kì í lè da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Wọ́n á dúró kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó da èkejì, omi àti òkúta ti ọjọ́ kejì kò sì ní dọ́gba mọ́, ni ẹ̀gbẹ́ kan á bá wúwo ju ìkejì. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé e. Páìpù tó ń dán á sì máa yí nínú kọnkéré tó bá pẹ́, àfi tí wẹ́dà bá jó rọ́ọ̀dù kékeré dábùú ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dà á.

Ṣùgbọ́n èèyàn kì í wọ́n nílé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ” ti tó. Á dúró sí ibi orí yín, á máa kà á, á ní ó ku méjì nígbà tí agbára ti tán, á sì fọwọ́ méjèèjì gbà á tó bá kọ̀. Níbí náà, tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n, wọn kì í kọ̀. Àmọ́ ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé e àti ìgbà tí wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Inú wọn kì í dùn sí ẹni tó bá fọwọ́ kan irin wọn láìpè é.

Ní ti adágún ìlúwẹ̀ẹ́, a ò ní ṣègbè: tiwọn dára jù. Wọ́n ń yẹ kúlọ́ríìnì inú omi wò léraléra lójúmọ́, ẹni tó ń ṣọ́ omi kì í sì í tẹ fóònù. Nílé, ẹ lọ wo ihò tó wà nísàlẹ̀ níbi tó jìn jù. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má wọ̀ ọ́, nítorí ẹni tó bá rì sínú irú omi bẹ́ẹ̀ kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ adágún níbí jẹ́ yáàdì 25: ẹni tó lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì nígbà ogójì, tó ń fi mítà ṣírò, ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ. Ogójì yẹn, mítà 914 ni, kò tíì pé kìlómítà kan.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Sẹ́ẹ̀tì là ń gbá nílé: gólù méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó jẹ dúró. Níbí, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, réfírì tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín á sì fún yín ní máàkì lórí ìwà. Máàkì yẹn lè lé ẹgbẹ́ tó mọ bọ́ọ̀lù dáadáa kúrò nínú ìdíje. Àwọn ọmọ wa tó ń bá réfírì jiyàn, ẹ gbọ́ o.

Àwọn kan máa ń ra treadmill, ẹ̀rọ tí à ń sáré lórí rẹ̀, ní àlòkù láti kó sínú kọ̀ǹténà lọ sílé. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tilé lé ní 220, nítorí náà ẹ ó nílò tiransifọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀, irú tó lè gbé wáàtì 3000. Eruku ọyẹ́ á tún wọ abẹ́ bẹ́líìtì, mọ́tò á máa gbóná. Òróró sílíkónì ló ń gbà, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Tí NEPA bá sì mú iná lọ lójijì, ẹni orí rẹ̀ lè fi imú gbálẹ̀. Ẹ̀rọ ìtukọ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́ sàn jù ú: agbára ẹni tó ń fà á ló ń gbé e, bátìrì ńlá méjì péré ni ojú rẹ̀ ń lò, ó sì ń pín sí méjì, kì í gba àyè nínú kọ̀ǹténà.